Alápàńdẹ̀dẹ̀ Lábẹ́ Òrùlé Ìgbìmọ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé etí yín wà níbí?
"Ó ń retí àlọ́!"

Ẹkùn lé àwọn ẹyẹ kúrò nílé, ó ń kọ́ ilé olówó síbẹ̀. Alápàńdẹ̀dẹ̀, ẹyẹ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi yìí, lọ bá Erin, alága ìgbìmọ̀, pé kó pàṣẹ kí Ẹkùn fi díẹ̀ nínú yàrá náà háyà fún àwọn ẹyẹ lówó pọ́ọ́kú:

"Bàbá Erin, yàrá méjì nínú mẹ́wàá!"
Ẹ gbè é: "Tápá mẹ̀kúnnù ká!"

Erin ní kó padà wá. Ó padà wá, Erin sùn lọ. Nígbà kẹta, ó kó àwọn ará rẹ̀ wá, wọ́n fi amọ̀ mọ ilé sábẹ́ òrùlé ìgbìmọ̀, wọ́n ń kọrin láàárọ̀ lálẹ́. Erin kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́, ló bá ké:

"Ẹkùn, ó ti dòfin! Yàrá méjì nínú mẹ́wàá!"

Àwọn ẹyẹ kó wọlé. Alápàńdẹ̀dẹ̀ nìkan ni kò kúrò lábẹ́ òrùlé. Ó ní òun ń ṣọ́ òfin náà.

Ẹ gbójú sókè lọ́la. Ó ṣì wà níbẹ̀.