Àwẹ̀ró àti Ìtàkùn Tó Di Oòrùn Pamọ́

Ẹ sún mọ́ ààrò dáadáa, ẹ̀yin ọmọ, kí ooru iná lè dé ara yín. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó ti lọ sùn báyìí o, nítorí n kò ní tún un sọ.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lórí ọba, kò bà lórí ìjòyè. Ààlọ́ mi dá lórí Àwẹ̀ró, obìnrin opó kan, àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Málọmọ́.

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, àwọn èèyàn kì í jẹun. Kò sí ìkòkò, kò sí ọbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òkèlè. Oòrùn ni wọ́n ń yá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tọmọdé tàgbà á jáde síta, wọn á kọ ẹ̀yìn sóòrùn. Ara wọn á gbóná, okun á wọ eegun wọn, wọn á wá gba ibi iṣẹ́ lọ. Bí oòrùn bá wọ̀, okun á tán, kálukú á ṣubú sórí ẹní, gbì, bí igi tí wọ́n gé.

Ìyẹn ò burú. Ìgbà ọyẹ́ ló burú. Bí ọyẹ́ bá dé, kùrukùru á bo ojú ọ̀run, oòrùn ò ní yọjú. Àwọn alágbára á máa rákòrò. Àwọn ọmọdé á tutù bí ẹja. Àwẹ̀ró ti sin ọmọ méjì nígbà ọyẹ́. Nígbà tó bí ẹ̀kẹta, ó sọ ọ́ ní Málọmọ́. Ní ọyẹ́ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí Málọmọ́ náà lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, Àwẹ̀ró jókòó, ó ronú. Ó ní, "Oòrùn tó pọ̀ báyìí, à ń fi í ṣòfò. N ó wá ẹni tí yóò bá mi tọ́jú rẹ̀ de ọyẹ́."

Ó tọ Òkúta lọ. "Bàbá Òkúta, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú oòrùn fún ọmọ mi."

Òkúta ní, "Ìyẹn ò le. Ṣáà máa wò mí."

Òkúta gba oòrùn, ó gbóná janjan. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró padà dé, ó fọwọ́ kàn án. Ó tutù rinrin.

"Bàbá, oòrùn ọmọ mi dà?"

"Ọmọ mi, ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ ọ́n gbà, n ò mọ̀ ọ́n dì."

Ó tọ Adágún lọ. "Ìyá Adágún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú oòrùn fún ọmọ mi."

Adágún ní, "Ìyẹn ò le. Ṣáà máa wò mí."

Adágún gba oòrùn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó tutù rinrin.

"Ìyá, oòrùn ọmọ mi dà?"

"Mo dì í mú ju Òkúta lọ díẹ̀, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ó yọ̀ lọ."

Àwẹ̀ró ń sunkún bọ̀ wálé. Ní etí igbó, ohùn kan pè é. Ìtàkùn kan ni, tó lọ́ mọ́ igi, tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

Ìtàkùn ní, "Èmi lè dì í. Ṣùgbọ́n oòrùn ò ṣeé dì lásán, mo gbọ́dọ̀ rí ohun tí n ó so ó mọ́. Bí òjò bá dá, máa bomi rin mí nídìí. Kí o sì máa mí sí mi lójú."

"Èémí tí mo ti mí tán?"

"Èyí tí o ń dà nù yẹn gan-an ni mò ń wá."

Láti ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró ń pọnmi lọ sí etí igbó. Ó ń bomi rin ín, ó ń mí sí i lójú, ó sì ń kọrin. Ẹ gbè é:

Ìtàkùn, ìtàkùn o,
*Tẹ́wọ́ gboòrùn!*
Mo bomi rin ọ́ nídìí,
*Tẹ́wọ́ gboòrùn!*
Mo mí èémí sí ọ lójú,
*Tẹ́wọ́ gboòrùn!*
Má jẹ́ kí Málọmọ́ mi lọ,
*Tẹ́wọ́ gboòrùn!*

Ewé ń gba oòrùn, ó ń so ó mọ́ omi, ó ń so ó mọ́ èémí, títí gbogbo rẹ̀ fi di adùn. Adùn náà ń gba inú ìtàkùn wálẹ̀, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́. Lábẹ́ ilẹ̀, Ìtàkùn ń kì í bí ẹni ń ki ìyẹ̀fun sápò. Ilẹ̀ wú, ilẹ̀ là.

Ọyẹ́ dé. Kùrukùru bo oòrùn. Ewé Ìtàkùn pọ́n, ó ń já bọ́. Ìtàkùn ní, "Mo ti ṣe tèmi. Ẹ walẹ̀."

Ọwọ́ Àwẹ̀ró ò lè nìkan wà á mọ́. Ìkookò, aládùúgbò rẹ̀, ló bá a wà á. Iṣu méjì ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìtàkùn kìlọ̀ fún wọn. "Ẹ má tú ẹrù mi lẹ́ẹ̀kan náà o. Ẹ sè é, ẹ jẹ ẹ́ ní òkèlè òkèlè, kí ẹ máa mí. Èémí yín ni yóò máa tú u nínú yín, díẹ̀díẹ̀."

Ìkookò rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò dúró de díẹ̀díẹ̀? Gbogbo oòrùn mi ni mo fẹ́, ní báyìí!"

Ó dáná ràgàjì, ó ju iṣu rẹ̀ sí i, ó dúró tì í. Iná gbé e, wòò! Ooru ru gùdù, ó gba ojú ọ̀run lọ. Ẹ̀tapárá iná ta sí Ìkookò lára, ó jó o tótòtó. Nígbà tí iná kú, eérú ló kù. Ìkookò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Àwẹ̀ró gé iṣu tirẹ̀, ó fi amọ̀ mọ ìkòkò, ó sè é, ó fi òkèlè kan sí Málọmọ́ lẹ́nu. Ọmọ náà jẹ ẹ́ mì. Ó mí, háà. Ó tún mí, háà. Àwẹ̀ró di ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Nígbà tó yá, ìka náà lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ìyá mi, nǹkan kan ń gbóná nínú mi."

"Oòrùn ni, ọmọ mi."

Ìkookò dé ẹnu ọ̀nà. "Ìyá Málọmọ́, ẹ gbà mí."

Àwẹ̀ró bù fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ojú rẹ̀ lọ sí orí iṣu tó kù nílẹ̀. Àwẹ̀ró fi ọwọ́ bò ó.

"Orí iṣu yìí ò ṣeé jẹ, Ìkookò. Ìtàkùn tí yóò hù ò tíì ní ewé. Kí ni yóò fi gòkè?"

Ó ń ṣọ́ ìyókù iṣu náà jẹ títí ọyẹ́ fi lọ. Lẹ́yìn náà, ó gbin orí rẹ̀. Oòrùn tó kù nínú orí iṣu ló ti ọ̀mùnú jáde nílẹ̀, kó tó rí ewé tí yóò fi gba tirẹ̀. Málọmọ́ dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ. Àmì iná ò sì kúrò lára Ìkookò dòní.

Ìdí nìyí tí a fi ń jẹun, tí èémí wa sì fi ń tú oòrùn inú oúnjẹ náà. Ẹ̀kọ́ tí ààlọ́ yìí kọ́ wa ni pé, ọjọ́ tí okun pọ̀ là ń tọ́jú okun. Ẹni tó bá sì tọ́jú rẹ̀, kó máa tú u díẹ̀díẹ̀, nítorí ohun tí a bá tú lẹ́ẹ̀kan náà, iná ló ń dà.