Èjìká Tó Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àyọ̀ká dákẹ́, tara rẹ̀ náà bá a dákẹ́, ó lọ ba sí i léjìká.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló mú Oyèwùmí, ọmọ Àyọ̀ká, lọ sílé tirẹ̀ láti já a lẹ́nu ọmú, bí àṣà wọn. Ọmọ ti gbàgbé ọmú, wọn ò tíì dá a padà. Àárò rẹ̀ ń pa Àyọ̀ká, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ìyá ọkọ pé, "Ẹ gbé ọmọ mi wá"? Ni èjìká bá ń ro ó, kò lè gbọ́wọ́ sókè wé gèlè mọ́.

Ìyá ọkọ gbọ́, ó gbé òrí wá, ó ń fi ra á léjìká.

"Ṣé omi tí ò ń pọn ni?"

"Bóyá ni, Màámi."

"Pẹ̀lẹ́. Oyèwùmí ń jẹ̀kọ dáadáa o. Bóyá kó tilẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi di ọdún tó ń bọ̀."

Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, èjìká le koko bí odó.

"Háà! Àṣé èjìká yìí létí! Àyọ̀ká, kí ló wà níkùn rẹ?"

Ẹkún bọ́. "Màámi, ẹ má bínú, ọmọ mi ni mo fẹ́."

Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. "O ò tètè sọ! Ọmọ tó ń jí mi lóru pé ká ṣeré! Ẹ̀yìn mi ti fẹ́ẹ̀ já. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kí ẹ má baà ní mo kọ ọmọ-ọmọ mi."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Kílẹ̀ tó ṣú, Oyèwùmí ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìyá àgbà sì ti ń hanrun nílé tirẹ̀.