Ìkòkò Àwẹ̀ró

Ogun ló lé Àwẹ̀ró kúrò nílùú rẹ̀. Nígbà tí òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ wọ Òkè-Ọ̀pẹ, ìkòkò kan ṣoṣo ló rù. Ìyá Àwẹ̀ró ti fi í dáná títí ó fi dúdú bíi kóró iṣin. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ sán ni wọ́n sọ ọ́ di ìkòkò tí wọ́n ń rẹ ògì sí.

Ẹ̀kọ ni Àwẹ̀ró ń tà lọ́jà Òkè-Ọ̀pẹ, kì í sì í gbọ́n ìkòkò náà gbẹ. Yóò fi omidùn díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí ògì tuntun lè bá a níbẹ̀. Láyé ìyá ìyá rẹ̀, ọjọ́ márùn-ún ni ògì fi ń kan, ó sì máa ń korò. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ èyí tó bá dùn jù nìkan ni wọ́n ń tọ́jú, wọ́n ń da ìyókù nù, títí ọjọ́ méjì péré fi tó o. Wọ́n sìn ín bí ẹni sin adìẹ.

Bí ọdún ọba bá ń bọ̀, àṣà àwọn ẹlẹ́kọ Òkè-Ọ̀pẹ ni láti da omidùn àtijọ́ nù, kí wọ́n sì fi omi híhó fọ ìkòkò. Tinúadé, olórí wọn, ní kí Àwẹ̀ró fọ tirẹ̀ tàbí kí ó kúrò lọ́jà.

“Màmá, màá fọ ẹ̀yìn rẹ̀,” ni Àwẹ̀ró wí. “Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ ìyá mi wà.”

“Ṣé inú ìkòkò lo sin ìyá rẹ sí ni?” Tinúadé bi í.

Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró gbé ìkòkò rẹ̀ lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí kò ní ìlú.

Òtútù mú lọ́dún náà. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n ti rẹ ẹ́, ògì inú àwọn ìkòkò mímọ́ kò kan. Ó ń yọ̀, ó ń rùn. Ọdún sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Àgbàlá Àwẹ̀ró nìkan ni òórùn ògì dídùn ti ń jáde. Tinúadé mú igbá, ó tọ̀ ọ́ lọ, ó sì kúnlẹ̀.

Àwẹ̀ró gbé e dìde, ó bu omidùn fún un. “Ẹ pò ó mọ́ tiyín, màmá, ẹ má sì da ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù mọ́. Ìsọ̀ mi ni mo fẹ́ padà, kí àlejò yòówù tó bá tún dé náà sì rí tirẹ̀.”

Lọ́jọ́ ọdún, ẹ̀kọ funfun kún inú ewé eéran káàkiri ọjà. Àwẹ̀ró jókòó lábẹ́ òjìji pẹ̀lú Tinúadé, ìkòkò rẹ̀ wà láàárín wọn. Ọmọge kan tó ń kọjá yínmú sí ìkòkò dúdú náà. Èsì tí Tinúadé fọ̀ fún un ni àwọn àgbà sọ di òwe títí dòní: inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde.