Ọkọ̀ Àlòkù tí Ìjàpá Tà fún Ọ̀yà

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ṣé bí ẹ ṣe ń dáhùn nìyẹn? Ẹ jẹun kí ẹ tó jókòó síbí, àbí ẹ ò jẹun? Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀hẹ́n! Àlọ́ mi bínú jáde nílé, kò kí ẹnìkankan lọ́nà, ọrùn Ìjàpá tí ń ta ọkọ̀ ló lọ dì mú.

Ní ìgbà kan rí, opó kan wà tó ń jẹ́ Ọ̀yà. Ohun kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá, ẹ̀rọ gbàǹgbà tó ní táyà méjì nídìí. Ọ̀yà a máa ti ẹ̀rọ yìí láti oko dé oko. Á bá àwọn ará oko rin gbágùúdá, á yan gàrí, á rù ú lọ sọ́jà. Ìyẹn ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó bá kó gbogbo owó tó ti ń fi pamọ́ jọ, ó ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù kan, èyí tí yóò gbé gàrí sínú, tí yóò sì tún máa fa ẹ̀rọ lẹ́yìn.

Ta ló ń ta ọkọ̀ àlòkù nílùú? Ìjàpá ni! Olè! Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń ṣe fún yín. Ibi tí irin abẹ́ ọkọ̀ bá ti jẹrà, á fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ìyẹn ò tó o. Ó kó àwọn ẹyẹ Ẹgà sórí igi ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń fún wọn ní àgbàdo. Bí oníbàárà bá ti fọwọ́ kan ọkọ̀ báyìí, kó tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, Ẹgà á figbe ta: "Ẹ kú oríire ọkọ̀ o! Ẹ ó fi ṣe rere o!" Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ni wọ́n á kí kú oríire tí kò ní dáhùn? Oníbàárà á ní, "Ẹ ṣé o, yóò kárí." Ó parí! Gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ìtìjú ò ní jẹ́ kó wí pé òun ò rà á mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀yà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ìjàpá, ṣé èyí lè ru gàrí, kó sì fa ẹ̀rọ mi gun òkè? Ẹtu ti bó gbágùúdá, ó ń retí mi lẹ́yìn òkè. Bí mi ò bá débẹ̀ lónìí, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Fa ẹ̀rọ kẹ̀? Ìyá mi, kí lọkọ̀ yìí ò ní fà!"

"Jẹ́ kí n di ẹrù sí i ná, kí n fi gun òkè wò."

"Háà, Ìyá mi! Ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Ó ṣẹ́jú sí àwọn Ẹgà.

"Ẹ kú oríire ọkọ̀ o!"

Ọ̀yà gbàgbé ara rẹ̀. "Ẹ ṣé o, yóò kárí."

Ó sanwó. Ó kó gàrí tó fẹ́ gbé lọ sọ́jà bó bá kúrò lóko sínú ọkọ̀, ó so ẹ̀rọ mọ́ ìkọ́ ìdí rẹ̀, ó kọrí sọ́nà oko. Nígbà tó gun òkè dé ìdajì, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín. Ó ń kérora. Ìkọ́ já, gbàù! tòun ti irin jíjẹrà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ yí gbirigbiri, gbirigbiri, ó lọ fọ́ mọ́ àpáta nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ tí olóògbé fi sílẹ̀! Ọ̀yà jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Gbágùúdá Ẹtu sì bàjẹ́ sóko.

Ó padà lọ bá Ìjàpá. Kí lẹ rò pé aláìnítìjú yẹn wí?

"Ṣebí gbogbo àdúgbò gbọ́ nígbà tí ẹ dáhùn. Ẹni tó ti gba kíkí ti gba ọkọ̀. Àmọ́ àánú yín ṣe mí. N ó bá yín wọ́ òkú ọkọ̀ yẹn kúrò lọ́nà, gàrí inú rẹ̀ á jẹ́ owó iṣẹ́ mi."

Ẹ ẹ̀ gbọ́? Ó pa á lẹ́kún tán, ó tún fẹ́ kó gàrí rẹ̀! Ó sì kó o. Ó wọ́ ọkọ̀ náà wá sílé, ó lẹ ìkọ́ mọ́ ọn padà, ó tún fi ọ̀dà kùn ún, ó gbé e síta.

Lọ́jọ́ ọjà, Erin wá ra ọkọ̀ tí yóò máa fi kó pákó, tí yóò sì máa fi fa gẹdú. Ọ̀yà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Bí Erin ṣe fọwọ́ kan ọkọ̀ náà ni Ẹgà figbe ta: "Ẹ kú oríire ọkọ̀ o!"

Ọ̀yà dìde. Ohùn rẹ̀ bo tiwọn mọ́lẹ̀. "Bàbá Erin, ẹ kú àdánù o! Elédùmarè á fi òmíràn rọ́pò o!"

Erin yíjú padà. "Àdánù kẹ̀? Kí ni mo pàdánù?"

"Owó yín ni, Bàbá. Ọkọ̀ tó fọ́ ẹ̀rọ mi nìyẹn. Ẹ má tíì dá àwọn ẹyẹ yẹn lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ fà á wò."

Ìjàpá sáré síwájú. "Bàbá, ẹ má gbọ́ tiẹ̀, orí rẹ̀ ti dàrú!"

Erin ò tiẹ̀ wò ó. Ó fi ọwọ́jà rẹ̀ mú ìkọ́, ó fà á lẹ́ẹ̀kan péré. Gbogbo ìdí ọkọ̀ ya bọ́ sílẹ̀. Àwọn Ẹgà rí i, wọ́n fò lọ. Ìgbà náà làwọn tí Ìjàpá ti rẹ́ jẹ tẹ́lẹ̀ ń jáde wá níkọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tẹnìkan ti ya sódò, tẹnìkan ò gun òkè rí. Ojú ti ń tì wọ́n láti sọ ọ́.

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, n ó dá owó yín padà."

"Owó wo?" Ọ̀yà nawọ́ sí ọ̀nà òkè. "Ẹ̀rọ mi wà nísàlẹ̀ òkè. Ìwọ lo máa fà á."

Wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ń fa ẹ̀rọ fífọ́ gun òkè lọ sílé alágbẹ̀dẹ, ó ń ké pé ẹ gbà mí. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tí alágbẹ̀dẹ tún ẹ̀rọ ṣe tán, òun náà ló ń fà á kiri oko. Ọ̀yà ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, kò rẹ́rìn-ín.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tí yóò rù, tí yóò sì fà, kó dì í lẹ́rù, kó fi gun òkè, kó tó fọwọ́ sápò. Bí wọ́n bá ń kí ọ kú oríire ohun tí o kò tíì yẹ̀ wò, pa ẹnu rẹ dé!

Ẹ̀yin àgbà tí wọ́n sì ti rẹ́ jẹ rí, tí ẹ panu mọ́ nítorí ìtìjú, ẹ má wojú mi. Ẹ̀yin lẹ bá Ìjàpá ta ọkọ̀ náà fún Ọ̀yà.