Ọkọ̀ Àtijọ́ Kì Í Ṣe Irin Àlòkù
Ọ̀gbẹ́ni Fálékè, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ní kí Ìyá Dúrósinmí san owó adójútòfò ńlá lọ́dọọdún lórí ọkọ̀ ìjàpá, Fọ́ksíwágìn tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, torí irú rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá jóná, owó irin àlòkù ni wọn yóò san, torí ó ti gbó. Ẹ̀bẹ̀ ti sú ìyá. Ó jáde, ó pe oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ẹni tó ń ra irin àlòkù, tó ń ti ọmọlanke kọjá, ó nawọ́ sí Mẹsidíìsì àtijọ́ tí ọ̀gá gbé síta: "Ọ̀gá ní ọkọ̀ tó bá ti gbó, irin àlòkù ni. Wá wọ̀n ọ́n." Fálékè sáré jáde: "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ṣé ẹ mọ iye tó tó ni?" "Ẹ sọ ọ́ fún wa, ọ̀gá," ni ìyá wí, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú kan náà wo tèmi." Àwọn oníbàárà ti ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wọlé, Màmá," ni ọ̀gá wí. "Bí tiyín bá jóná, a ó san iye tó tó."