Ọjọ́ Tí Mínísítà Tún Ìmọ̀ràn Etídò Sọ

"Ẹni tí yóò kọ ìmọ̀ràn, kó kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́." Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí nílẹ̀ Àjọrò? Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, wọ́n á máa wòkè. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti fi ilé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo ti gbàgbé, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ọjọ́ tí òwe náà ṣẹ̀.

Ìpínlẹ̀ méjìlá ló para pọ̀ di orílẹ̀-èdè wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ńlá tàbí kékeré, a máa rán àgbà kan lọ sí Ilé Ìmọ̀ràn. Ilé náà kò lágbára láti dá òfin dúró. Ìjọba lè kọ ohunkóhun tí wọ́n bá sọ. Àṣà kan ṣoṣo ni wọ́n ní: mínísítà tó bá fẹ́ kọ ìmọ̀ràn gbọ́dọ̀ dúró níwájú wọn, kó tún un sọ pérépéré, títí tí ẹni tó mú un wá yóò fi gbà pé ohun tí òun wí nìyẹn.

Lọ́dún náà, ìjọba fẹ́ sé odò Ẹ̀lá nítorí iná mànàmáná. Bí wọ́n bá sé e níbi tí wọ́n yàn, omi yóò bo ìlú mẹ́sàn-án ní Etídò, ìpínlẹ̀ tó kéré jù lọ. Ìlú wa wà nínú wọn. Màmá Mopélọlá, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tukọ̀ kó èrò kọjá odò náà, ló ń ṣojú wa. Ó sọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, ó jókòó. Mínísítà Ògúnṣeyè, tó ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, dìde.

"A gbọ́, Màmá. A dúpẹ́. A kọ̀ ọ́."

"Ẹ kò tíì tún un sọ, Ọ̀gá," ni Alága Ilé Ìmọ̀ràn wí.

"Màmá ní àwọn èèyàn òun kò fẹ́ ṣí kúrò nílé wọn."

"N kò wí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Etí rẹ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ìwọ ń fi í sùn."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mínísítà ní kí akọ̀wé òun bá òun tún un sọ.

"Rárá o," ni Alága dá a lóhùn. "Ẹnu tó kọ̀ ọ́ ni yóò sọ ọ́."

Màmá bá tún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, mínísítà ń gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ sé odò náà lókè Àpáta Dúdú…"

"Kí a sé odò náà lókè Àpáta Dúdú…"

"…níbi tí ilé kan ṣoṣo kò sí."

"…níbi tí ilé kan…" Ó yíjú sí ẹnjiníà rẹ̀. "Ṣé ibòmíràn wà ni?"

"Ó wà, sà. Omi ibẹ̀ tiẹ̀ lágbára ju ti ibi tí a yàn lọ. Ó kàn jìnnà sí títì ni."

"Títì! Nítorí títì lẹ ṣe fẹ́ kí n tẹ ìlú mẹ́sàn-án rì?" Ó wojú Màmá. "Mo ti wá gbọ́ ọ báyìí, Màmá. N kò lè kọ̀ ọ́ mọ́."

Háà! Àwọn àgbà ìpínlẹ̀ tí kì í kí ara wọn dì mọ́ra wọn lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo jókòó sáàárín èrò ìwòran pariwo títí ohùn mi fi há. Àpáta Dúdú ni wọ́n sé odò sí, iná dé, ìlú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì dúró digbí.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń mi orí sí ọ̀rọ̀ tí kò tíì gbọ́ tán, tàbí tí ọmọ bá ní òun ti mọ ohun tí bàbá òun fẹ́ wí, àwọn àgbà wa kì í bá a jà. Wọ́n á ní kó rọra ná: ẹni tí yóò kọ ìmọ̀ràn, kó kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.