Báàgì Ẹ̀gbọ́n Léjìká Àbúrò

Kí n tó fèsì sí ẹjọ́ tí o kó wá bá mi yìí, fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan.

Ọkùnrin kan wà tó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ wo ìlú lókè òkun. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù fún ìyá wọn. Nígbà tí ìyá náà sì kú, àbúrò ṣì ń rákò nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi rọ ọ́ lẹ́kọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì fi gbé e dé ilé-ìwé ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí àbúrò wá rí iṣẹ́ tó dára, ó ní òun gbọ́dọ̀ ṣe ohun kan tí òun yóò fi dúpẹ́ kí àgbà tó dé sí ẹ̀gbọ́n òun. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé kí àwọn lọ sí olú ìlú àwọn Potogí, kí àwọn wo ohun tó dára, kí àwọn ya fọ́tò, kí àwọn sì padà sílé láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Èrò rere ni, n kò bú u. Àmọ́ o mọ bí ẹni tó ń kánjú ṣoore ṣe máa ń rí. Oore rẹ̀ a máa gún ẹni tó ń gbà á lára.

Orí òkè ni wọ́n kọ́ ìlú náà sí. Ibi yòówù kí èèyàn fẹ́ lọ níbẹ̀, àfi kó gun àtẹ̀gùn. Rélùwéè kékeré aláwọ̀ ìyeyè ń gba ojú títì kọjá láàárín ilé àti ilé, wọ́n sì fi táìlì aláwọ̀ búlúù bo ara ògiri bí ẹni wọ ilé láṣọ. Àbúrò ti to gbogbo ohun tí wọ́n máa wò sórí. Tí wọ́n bá kúrò níbi èyí, ìyẹn ló kàn. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìkánjú. Bí ó bá rí obìnrin kan tó ń sá aṣọ lójú fèrèsé òkè, á dúró, á gbójú sókè, á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o!” Obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n á rẹ́rìn-ín, á juwọ́. Àbúrò á ní, “Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Báàgì ẹ̀gbọ́n wà léjìká àbúrò láti ìgbà tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ìwọ náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Àbúrò kì í rìn lọ́wọ́ òfo kí ẹ̀gbọ́n máa ru ẹrù. Ó gba báàgì awọ dúdú náà, ó gbé e kọ́ èjìká, kò sì béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ìyẹn náà kì í ṣe ìbéèrè tí àbúrò ń bi ẹ̀gbọ́n.

Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju èyí tí gbogbo wa ń pariwo lọ, pé ẹni tó bá ní in kò gbọdọ̀ fẹnu kan ohun dídùn. Kò mọ̀ pé dókítà ti ní kó máa gún abẹ́rẹ́, nítorí ẹ̀gbọ́n kò sọ. Ta ló ń ka àìsàn ara rẹ̀ fún ọmọ tó pọ̀n dàgbà? Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, àbúrò rí i tó kọjú sí ògiri yàrá òtẹ́ẹ̀lì, tó ká ẹ̀wù sókè díẹ̀. Ó béèrè pé kí ló dé. Ẹ̀gbọ́n ní, “Kọjú sọ́hùn-ún jàre, ìwọ ọmọ yìí.” Ó kọjú sọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun, ẹ̀gbọ́n kò tíì jẹ búrẹ́dì rẹ̀ dé ìdajì tí àbúrò fi ní rélùwéè máa fi àwọn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nu ọwọ́, ó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ẹ̀gbọ́n ní ebi ń pa òun. Àbúrò ní kí wọ́n kọ́kọ́ dé odi ọba àtijọ́ tó wà lórí òkè, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa jẹun, wọ́n á sì máa wo gbogbo ìlú. Ẹ̀gbọ́n rìn díẹ̀ sí i. Ó wá fa báàgì tó wà léjìká àbúrò mọ́ra, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú súìtì kan jáde. Bó ṣe fẹ́ já bébà ara rẹ̀ ni àbúrò já a gbà.

“Àǹtí mi! Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣúgà! Ṣé òkú yín lẹ fẹ́ kí n gbé relé ni?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Kò rí bí o ṣe rò ó yẹn. Jẹ́ kí n ṣàlàyé...” Ṣùgbọ́n àbúrò ti ju súìtì náà padà sínú báàgì, ó ti fa síìpù rẹ̀, ó ti ń lọ. Ìfẹ́ ló fi ṣe é o. Má gbàgbé pé ìfẹ́ ni.

Bí wọ́n ṣe gun àtẹ̀gùn gígùn kan dé àárín, ẹ̀gbọ́n dúró, kò lọ mọ́. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ láti ojú omi, síbẹ̀ òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ti fẹ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn odi náà. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe jágbe mọ́ ọn nìyẹn.

“Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ṣé mo bẹ̀ ọ́ kí o gbé mi wá wo òkúta ni? Ká ní mo mọ̀, ọjọ́ tí ìyá wa kú ni ǹ bá ti fà ọ́ lé àwọn ará ilé bàbá wa lọ́wọ́!”

Àwọn èèyàn tó ń kọjá yíjú wò wọ́n. Ọkùnrin náà dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Láti ọjọ́ tó ti dé ayé, kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ó dùn ún dé ọkàn. Bí ó bá sì ní sùúrù díẹ̀, ìyẹn gan-an ni ì bá jẹ́ kó fura. Ẹnu tí kò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí láti ìgbà èwe, kí ló dé tó wá sọ ọ́ lónìí? Kò béèrè. Kò wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbọ̀n lára irin àtẹ̀gùn.

“Ó dáa,” ló wí. “Ẹ máa dúró síbẹ̀.” Ó kẹ̀yìn sí i, ó ń gòkè lọ.

Kò tíì lọ jìnnà tó fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn. “Àdìgún!”

Oríkì rẹ̀ nìyẹn. Láyé yìí, ẹ̀gbọ́n yìí nìkan ló kù tó ń fi í pè é. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bó ti wù kó máa bínú tó, bí ó bá ti gbọ́ ọ, orí rẹ̀ á wú, á padà. Ohùn náà tún wá, kò ròkè tó ti àkọ́kọ́. “Àdìgún, dúró.” Ọrùn rẹ̀ fẹ́ yí. Ó ní rárá, kí ẹ̀gbọ́n òun mọ̀ lónìí pé òun náà ti dàgbà. Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ń lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ó dé òkè. Gbogbo ìlú tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, òrùlé pupa lọ súà títí dé etí omi. Ó ya fọ́tò kan, kò dùn mọ́ ọn. Ó yíjú bí ẹni tó fẹ́ sọ pé ẹ wá wo ibí, kò sí ẹnì kankan. Ibẹ̀ ni ìbínú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tán lára rẹ̀. Ó yọ fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó lè sọ fún un pé kó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, òun ń dúró.

Abẹ́ apá rẹ̀ ni fóònù ti dún.

Ó pa á, ó tún pè. Abẹ́ apá rẹ̀ náà ló tún ti dún. Ó ṣí báàgì. Fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ nìyí, owó rẹ̀, káàdì tí wọ́n kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì sí. Gbogbo ohun tí obìnrin náà lè fi jẹ́ èèyàn nílùú àjèjì wà lọ́wọ́ ẹni tó kẹ̀yìn sí i. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ó ti rí abẹ́rẹ́, ìgò oògùn kékeré kan, bisikíìtì, àti súìtì tó já gbà.

Ó mọ irú abẹ́rẹ́ yẹn. Ọ̀gá kan wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ tó ń gún un. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá náà gún un tí kò jẹun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn nínú ìpàdé, ó ń bú gbogbo èèyàn, ó sì ṣubú lulẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ lórí fóònù pé abẹ́rẹ́ náà ti fa ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀ jù, pé kí wọ́n fún un ní omi ṣúgà kíákíá, pé bí wọ́n bá pẹ́, ó lè kú. Àbúrò rántí ògiri òtẹ́ẹ̀lì. Ó rántí ìdajì búrẹ́dì. Ó rántí òógùn nínú òtútù, àti èébú.

Ó sáré. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti jà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àtẹ̀gùn náà pín sí ọ̀nà púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jọ èkejì. Ó ń sáré wọ ọ̀nà kan jáde sí òmíràn, ó ń kígbe “Àǹtí mi! Àǹtí mi!” Ìwọ náà fojú inú wò ó, ọkùnrin àjèjì tó ń sáré láàárín ìlú onílùú, tó di báàgì obìnrin mọ́ àyà. Ọkùnrin kan tó síngbọnlẹ̀ bọ́ síwájú rẹ̀, ó gbá a mú lọ́rùn ẹ̀wù. Òmíràn di apá rẹ̀. Wọ́n ń pariwo lé e lórí, kò gbọ́ èdè wọn, wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Bí ó ṣe ń jà kó bọ́ ni wọ́n ń dì í mú sí i, ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń lọ.

Ó wá dẹwọ́ ìjà. Ó ń sunkún. Ó yọ ìwé ìrìnnà inú báàgì, ó ṣí ibi tí fọ́tò wà, ó nàka sí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó nàka sí ojú ara rẹ̀. Imú kan náà, iwájú orí kan náà. Ọkùnrin tó gbá a mú wo fọ́tò náà, ó wò ó, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ti rí obìnrin náà. Òun gan-an ló mú ọ̀nà pọ̀n níwájú.

Ìdí ògiri kan ni ẹ̀gbọ́n jókòó sí, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Àwọn èèyàn ń yà fún un bí wọ́n ṣe ń yà fún ọ̀mùtí. Àbúrò kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè wò ó, kò mọ̀ ọ́n.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ló wí, ohùn rẹ̀ ń fà. “Ẹ bá mi pe àbúrò mi. Àdìgún ló ń jẹ́. Ó lọ sọ́hùn-ún, kò mọ ọ̀nà.”

Ṣé o gbọ́ ohun tó wí? Ẹni tó pọ̀n ọ́n ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀. Kò sì béèrè báàgì, kò béèrè oògùn. Àbúrò tó kẹ̀yìn sí i ló ń wá.

Ó fi súìtì sí i lẹ́nu. Ọkùnrin tó ti gbá a mú ti sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò jáde. Àbúrò dá a sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fún un mu díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n náà ṣe ṣe fún un nígbà tí wọn kò ní ìyá. Ó pẹ́. Kò mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ jù. Nígbà tó yá, ojú ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó wò yíká, ó wo àbúrò rẹ̀.

“Mo pè ọ́,” ló wí.

“Mo gbọ́, Àǹtí mi.”

Ó mú gèlè nílẹ̀, ó wé e fún un.

Ó yá, ìwọ tí o jókòó níwájú mi. O ní ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin bú ọ láàárín ìpàdé ẹbí, pé láti ọjọ́ yẹn o ti tì í kúrò láyé rẹ. Mo gbà pé ó dùn ọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló jẹ̀bi, n kò sì ní kí o má bínú. Àmọ́ ìyá yín ń kọ́? Inú ilé rẹ ni ìyá wà, ìwọ lo sì ní kí ọmọge tó ń ṣọ́ ìyá má ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìyá tó bí ẹ̀yin méjèèjì lo gbé kọ́ èjìká, o wá kẹ̀yìn, o ń gòkè lọ. O pè é ní ìtọ́jú, o sì ń tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Ọkùnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ náà kò jalè, ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá a gbé.

Bí o bá fẹ́ bínú, kọ́kọ́ wo èjìká rẹ. Bí ohun ẹ̀gbọ́n rẹ bá wà níbẹ̀, o kò tíì lè lọ. O sì ti bi ara rẹ rí pé kí ló gbé èébú yẹn wá sí ẹnu tí kì í bú ọ? Lọ béèrè.

Láti ìgbà tí o ti jókòó síbí ni fóònù ti ń gbọ̀n nínú àpò rẹ, tí o sì ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa. O rò pé ìjà ni ẹ̀gbọ́n rẹ tún fẹ́ jà. Ohun tí ọkùnrin yẹn náà rò lórí àtẹ̀gùn nìyẹn. Ó tún ti ń gbọ̀n báyìí. Bojú wẹ̀yìn, kí o gbé e.